Ẹsẹ̀ Golf 3 GTI mi: yíyan ṣọ́ọ̀kì tuntun fún ọ̀nà Iléṣà sí Ifẹ̀

Ọkọ̀ tí mo ń kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí ni Volkswagen Golf 3 GTI (GTI ni irú Golf tí a ṣe fún eré), oní-ẹ́ńjìnnì 2.0 tí ó ní fáàfù 8, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 115 ẹṣin nígbà tí ó ṣì jẹ́ tuntun. Golf 3 jáde ní 1991, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Ọkọ̀ Ọdún ní ilẹ̀ Yúróòpù ní 1992, ṣùgbọ́n ní Iléṣà lónìí, ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ni pé ó lágídí, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí wọn kò ti tú u rí. Mo fẹ́ràn tèmi nítorí pé ó kéré, ó yára, ó sì máa ń gbọ́ ti ọwọ́ tí ó bá dì í mú. Ìgbà tí kò gbọ́ mọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ yìí.

Kí a tó tú ohunkóhun

Ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, Iléṣà ni mo ti ń gbéra lọ sí Ilé-Ifẹ̀, mo sì máa ń padà ní ìrọ̀lẹ́. Àlọ nìkan tó nǹkan bí 30 kìlómítà. Ẹni tí ó bá ń gba Òsú kọjá kò nílò kí n ṣàpèjúwe gálọ́ọ̀pù fún òun. Láti ìparí òjò tó kọjá ni iwájú ọkọ̀ ti ń mì lẹ́yìn kòtò kọ̀ọ̀kan bí ọkọ̀ ojú omi. Yóò lọ sókè, yóò bọ̀ sílẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó fara balẹ̀. Bí mo bá tẹ bíréèkì lójijì, imú rẹ̀ á dorí kodò. Bí mo bá sì rọra gun bọ́m̀pù, nǹkan kan á dún “kọ̀, kọ̀” ní apá ọ̀tún iwájú. Táyà iwájú méjèèjì ti jẹ ní kòtò-kòtò, débi pé bí mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lójú, ńṣe ni ó dà bí ẹ̀yìn ọ̀nì.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí àwọn àmì wọ̀nyí yóò sọ pé ṣọ́ọ̀kì ti kú, èmi náà sì ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú ara mi. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni yóò fi gbogbo ara ti bọ́nẹ́ẹ̀tì wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí yóò sì ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣọ́ọ̀kì ni, ẹ lọ ra méjì wá.” Ìdánwò yẹn máa ń tú àṣírí ṣọ́ọ̀kì tí ó ti kú pátápátá, ṣùgbọ́n kò lè mọ èyí tí ó kú dé ìdajì, kò sì lè sọ ibi tí ariwo ti ń wá. Nítorí náà ni mo ṣe fi odindi Sátidé kan yẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà wò kí n tó ná kọ́bọ̀ kankan.

Mo gbé e sórí sìmẹ́ǹtì tí ó tẹ́jú ní àgbàlá wa ní Ìsọ̀kùn, mo sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan láti àárín gbùngbùn rímù dé etí fẹ́ńdà tí ó wà lókè rẹ̀. Apá ọ̀tún iwájú fi 14 mìlímítà rẹlẹ̀ ju apá òsì lọ. Èyí ni ó kọ́kọ́ yí èrò mi padà, nítorí pé kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì ni ó ń gbé ọkọ̀ ró, sìpíríǹgì ni. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì kò ju pé kí ó pa ìmì tí sìpíríǹgì bá dá sílẹ̀ lọ, nípa fífi ipá ti ọ́ìlì gba ihò kéékèèké, tí agbára ìmì náà yóò fi di ooru. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ rẹ̀, mo sì rí i pé òrùka ìsàlẹ̀ pátápátá lára sìpíríǹgì ọ̀tún ti ṣẹ́, tí èyí tó ṣẹ́ náà sì sùn sínú àwo tí sìpíríǹgì jókòó lé. Ojú ibi tí ó ti ṣẹ́ ti dógùn-ún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri láìmọ̀.

Mo tún ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sínú ọkọ̀, kí ó máa yí sitiárìn, èmi sì di sìpíríǹgì náà mú. Dípò kí ó máa yí jẹ́jẹ́, ńṣe ni ó ń dúró, tí ó sì ń fò lójijì, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bíárìn tí ó wà nínú máúńtìn òkè, ìyẹn rọ́bà tí ó di orí ṣọ́ọ̀kì mọ́ ara ọkọ̀, ti há. Líńkéèjì apá òsì, irin kúkúrú tí ó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ igi tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ti ní àyè. Bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì méjèèjì, oríkèé tí táyà fi ń yí, ṣì le dáadáa. Ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún ti tu ọ́ìlì, ìyẹn sì hàn gbangba, nítorí pé eruku pupa ti pò mọ́ ọn di ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ki irin gbọọrọ bọ ẹ̀yìn lówà-áàmù (apá irin ìsàlẹ̀ tí ó so táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀), tí mo tì í síwá sẹ́yìn, mo rí ohun tí ó bí mi nínú jù: rọ́bà búùṣì ẹ̀yìn ti ya kúrò lára irin rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì pé oṣù mẹ́jọ tí mo sanwó láti pààrọ̀ wọn.

Ìdí tí búùṣì fi ya yẹ kí n sọ dáadáa, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ó bà á jẹ́, ọjà náà kò ní àlébù. Irin méjì ni rọ́bà búùṣì lẹ̀ mọ́, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Bí a bá ti di bóòtù rẹ̀ pinpin, irin inú kò lè yí mọ́. Rọ́bà ni yóò máa lọ́ nígbàkigbà tí táyà bá lọ sókè tàbí sílẹ̀. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà nígbà yẹn di bóòtù pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ gbọọrọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọkọ̀ kalẹ̀, rọ́bà ti lọ́ bí aṣọ tí a fún, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe wà tọ̀sán-tòru, kódà bí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́. Inú ìlọ́ yẹn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba kòtò ọ̀nà Ifẹ̀.

Rọ́bà kọ́kọ́

Mo pinnu pé n kò ní í ra ṣọ́ọ̀kì títí n ó fi tún ohun tí ó yí i ká ṣe, nítorí pé bí a bá fi ṣọ́ọ̀kì tuntun tí ó le sára búùṣì tí ó ti ya, a kò ní í mọ èyí tí a tún ṣe nínú méjèèjì. Búùṣì mẹ́rin ti lówà-áàmù àti líńkéèjì méjì ni a pààrọ̀. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn ni mo lọ, ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ó sì máa ń fọ sípánà rẹ̀ kí ó tó palẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ọwọ́ di bóòtù búùṣì nìkan nígbà tí ọkọ̀ bá wà lókè, kí a sọ ọ́ kalẹ̀ sórí pákó nínípọn mẹ́rin kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gba ìwúwo, kí ó tó wá di wọ́n pa. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ka ìwé wá.” Ṣùgbọ́n ó ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lo búùṣì polyurethane, èyí tí ó le ju rọ́bà lọ, tí kì í sì í tètè jẹ. Mo kọ̀ ọ́. Ó dára fún ọkọ̀ tí ń sáré lórí ọ̀dà tí ó dán, ṣùgbọ́n gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ ni yóò máa kàn sí awakọ̀ lára, bí a kò bá sì fi gíríìsì tirẹ̀ sí i dáadáa, a máa ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wa ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àtijọ́. Ariwo “kọ̀, kọ̀” náà dákẹ́ pátápátá. Sitiárìn kò rìn gbéregbère mọ́ lẹ́yìn ìkóríta Òsú, níbi tí mo ti máa ń tẹ̀ ẹ́ sápá kan kí ọkọ̀ tó dúró sójú ọ̀nà. Ìdajì ohun tí mo pè ní àìsàn ṣọ́ọ̀kì ni rọ́bà nìkan wò sàn. Èyí tí ó kù ni ìmì ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́yìn kòtò àti imú tí ń dorí kodò, mo sì wá mọ ohun tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀kì tuntun: kì í ṣe kí ọkọ̀ le, bí kò ṣe kí táyà má fi ilẹ̀ sílẹ̀.

Yíyan ṣọ́ọ̀kì

Ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ọmọ Òṣómàáló ni mí, n kò sì jẹ́ sọ owó nù, ṣùgbọ́n ọ́ìlì-síìlì tí ó ti gbó sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn ní òkè òkun kò ṣe é fojú rí. Ẹni tí ó tà á yóò ti nù ún kí ó máa dán, yóò tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan, yóò jáde padà, a ó sì gbé e lọ sílé. Mo lè ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ nítorí pé a lè tan án kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Ti ṣọ́ọ̀kì kò rí bẹ́ẹ̀.

Nínú àwọn tuntun, oríṣi méjì ni ó wà ní ìpìlẹ̀. Oríṣi àkọ́kọ́ ni oní-túùbù méjì, tí ọ̀kan wà nínú èkejì: inú túùbù kékeré ni písítìnì ti ń rìn, ọ́ìlì tí ó bá pọ̀ jù a sì gba fáàfù ìsàlẹ̀ bọ́ sínú túùbù ńlá, níbi tí gáàsì díẹ̀ wà lókè rẹ̀. Irú èyí ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbé jáde láti ilé iṣẹ́. KYB ti Japan ń ṣe é lábẹ́ orúkọ Excel-G, Sachs àti Monroe náà ń ṣe tiwọn. Owó rẹ̀ kò ga, ó rọ̀ ẹni lára, bí òkúta bá sì tẹ túùbù òde wọlé díẹ̀, písítìnì kò mọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ́ìlì àti gáàsì rẹ̀ lè pò pọ̀. Bí a bá ń sáré gba ojú ọ̀nà tí ó rí págunpàgun fún ìgbà pípẹ́, ọ́ìlì yóò gbóná, yóò hó bí ọṣẹ, fọ́ọ̀mù kò sì lè dá sìpíríǹgì dúró bí ọ́ìlì gidi.

Oríṣi kejì ni oní-túùbù kan. Písítìnì rẹ̀ tóbi jù, nítorí pé ara túùbù òde gan-an ni ó ń rá mọ́, ọ́ìlì rẹ̀ sì tètè ń tú ooru sínú afẹ́fẹ́. Písítìnì mìíràn tí kò so mọ́ nǹkan kan ni ó pààlà sí àárín ọ́ìlì àti gáàsì náítírójìn, tí a tẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú agbára tí ó tó 20 sí 30 bar. Ẹni tí ó bá rántí pé afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ kékeré kì í ju 2 bar àti díẹ̀ lọ yóò mọ bí ìyẹn ti pọ̀ tó. Bilstein ti Jámánì ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, fún ọkọ̀ Mercedes-Benz, ní 1957. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù nípa rẹ̀ ni pé bí òkúta bá tẹ túùbù kan ṣoṣo náà wọlé, ojú ọ̀nà písítìnì ti bàjẹ́ nìyẹn.

Níbí ni mo ti dúró pẹ́ jù. Nínú ọkọ̀ bíi Golf, ṣọ́ọ̀kì iwájú kì í kàn ṣe ṣọ́ọ̀kì. Òun ni òpó tí ó na táyà ró, tí ẹrù sì ń tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí a bá ń yí kọ́nà tàbí tí a bá já sí kòtò. Kí òpó yìí má bàa tẹ̀, Bilstein máa ń dorí túùbù kan náà kodò sínú ilé irin mìíràn, kí ara rẹ̀ tí ó nípọn lè gba ẹrù ẹ̀gbẹ́ náà dípò irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Nígbà tí mo lóye èyí, ẹ̀rù òkúta dín kù fún iwájú, nítorí pé òkúta yóò ní láti kọ́kọ́ ba ilé irin jà. Ẹ̀yìn nìkan ni ó ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ kì í sì í sábà gba òkúta tó bẹ́ẹ̀.

Mo tún ronú lórí Koni aláwọ̀ ìyeyè, èyí tí a lè yí bí ó ṣe le tó nígbà tí ó bá ń fà jáde. Ó wù mí, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi: ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni n ó máa yí i, n kò sì ní í sinmi.

Ní ti sísọ ọkọ̀ di kúkúrú, n kò bá ara mi jiyàn pẹ́. Sìpíríǹgì Eibach Pro-Kit a máa sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 30 mìlímítà, Bilstein sì ní ṣọ́ọ̀kì B8, tí ó kúrú ju B6 wọn tí ó wà fún gíga ilé iṣẹ́ lọ, fún ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀nà wa, 30 mìlímítà yẹn ni ó ya abẹ́ ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára etí gálọ́ọ̀pù. Bí a bá sì ti dín àyè tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní láti rìn kù, kòtò tí kò jinlẹ̀ rárá ni yóò gbé e kan rọ́bà ìdádúró tí ó wà ní òpin ìrìn rẹ̀, ìgbà tí ó bá sì ti kàn án, kò sí ṣọ́ọ̀kì mọ́, kò sí sìpíríǹgì mọ́, ara ọkọ̀ ni ó ń gba ìyókù. Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ayùn gé sìpíríǹgì. Etí tí wọ́n gé kò ní í jókòó dáadáa sínú àwo rẹ̀ mọ́ títí láé.

Nítorí náà, ohun tí mo yàn ni Bilstein B6 mẹ́rin, èyí tí a ṣe fún gíga tí ọkọ̀ ti wá láti ilé iṣẹ́, pẹ̀lú sìpíríǹgì iwájú méjì tuntun ti GTI gan-an. Owó rẹ̀ ju ti oní-túùbù méjì lọ fíìfíì, n kò sì ní í purọ́ pé n kò fi òru kan rò ó. Fún Golf tí kì í ṣe GTI, tí ó kàn ń gbé ọmọ lọ sí iléèwé, Excel-G ni n bá rà, n kò ní í wẹ̀yìn.

Ríra wọn

Àbúrò mi tí ó wà ní Jámánì ni ó bá mi ra ṣọ́ọ̀kì, ó sì fi í sínú ẹrù tí ń bọ̀ nípasẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Nọ́ńbà ẹ̀yà tí ó bá nọ́ńbà ọkọ̀ mi mu ni mo fi ránṣẹ́ sí i, nítorí pé ẹ̀yà Golf 3 kì í ṣe ọ̀kan náà láti orí ẹ́ńjìnnì kan dé òmíràn. Máúńtìn òkè, bíárìn àti rọ́bà aṣọ eruku, mo rí wọn rà ní Gáàtì ní Ìbàdàn. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti fẹ́ ta sìpíríǹgì Golf 1.8 fún mi pé “ọ̀kan náà ni.” Àmì ọ̀dà kéékèèké tí Volkswagen máa ń kùn sí ara sìpíríǹgì ni ó gbà mí, mo ti ya fọ́tò ti ara tèmi kí n tó kúrò nílé, àwọ̀ rẹ̀ kò sì bá tiwọn mu. Ṣọ́ọ̀bù kẹta ni mo ti rí èyí tí ó bá a mu.

Ọjọ́ iṣẹ́

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni a bẹ̀rẹ̀. Bóòtù méjì ni ó so òpó ṣọ́ọ̀kì iwájú mọ́ ilé táyà nínú Golf 3, èyí tí ó wà lókè sì ní àyè díẹ̀ tí a fi ń ṣètò bí táyà yóò ṣe fì sínú tàbí sóde. Mo fi ẹfun ìkọ̀wé fa ilà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ kí a tó tú wọn, kí ọkọ̀ lè ṣe é wà dé ibi tí a ó ti ṣe aláínímẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kí wọ́n kọjú síbi tó yẹ. Nọ́ọ̀tì òkè, tí a ń tú láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, gba ọ́ìlì ìtú-ìpẹtà àti sùúrù wákàtí kan.

Sìpíríǹgì ni mo bẹ̀rù jù. Agbára tí ó wà nínú rẹ̀ nígbà tí a bá fún un pọ̀ tó láti pa ènìyàn, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi wáyà dì í. Irin ìfún-sìpíríǹgì gidi méjì ni a yá, a kọjú wọn síra, a sì ń yí wọn díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́kan náà. Kò sí ẹni tí ó dúró sí ọ̀kánkán ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ to ti iwájú padà, ọ̀gá mú rọ́bà ìdádúró àtijọ́, ó fẹ́ fi í bọ òkè B6. Mo dá a dúró, nítorí pé ìwé tí ó wà nínú páálí sọ pé inú ṣọ́ọ̀kì tí a dorí rẹ̀ kodò yẹn ni rọ́bà ìdádúró tirẹ̀ wà. Bí a bá tún fi òmíràn sí òde, a ti jí lára àyè tí ó ní láti rìn. Mo tún ní kí ẹnikẹ́ni má fi púláyà di irin dídán mú, nítorí pé ìha kan ṣoṣo lára rẹ̀ tó láti máa gé ọ́ìlì-síìlì ní gbogbo ìgbà tí ó bá wọlé tí ó bá jáde. Ti ẹ̀yìn kò gba àkókò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sìpíríǹgì ẹ̀yìn Golf 3 náà yí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ká. A di bóòtù táyà ní 110 Nm (òṣùwọ̀n bí a ṣe di bóòtù le tó), ìrọ̀lẹ́ sì ti lẹ́.

Lójú ọ̀nà

Aláínímẹ́ǹtì ni mo ṣe ní Ifẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tí sìpíríǹgì ti jókòó. Ní kòtò àkọ́kọ́, ọkọ̀ lọ sókè, ó bọ̀ sílẹ̀, ó dákẹ́. Mo ti gbàgbé pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí ó rí. Bí mo bá ń sáré díẹ̀ lójú págunpàgun, ara rẹ̀ ń balẹ̀ ju ti ìgbà tí mo bá ń fà á lọ. Mo tún gbé e lọ sí ìhà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí òkè àti kọ́nà wà, imú rẹ̀ kò sì dorí kodò mọ́ bí mo bá tẹ bíréèkì nínú ìsọ̀kalẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dùn. Lórí bọ́m̀pù àdúgbò, tí ènìyàn ń rìn bí ìgbín, ọkọ̀ ti le. Màámi jókòó sẹ́yìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n sì sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé owó tí o ná nìyí? Èyí tẹ́lẹ̀ rọ̀ mí lára jù ú lọ.” N kò rí èsì fún wọn. Mo dín afẹ́fẹ́ táyà kù sí iye tí ilé iṣẹ́ kọ sílẹ̀, nítorí pé mo ti máa ń fi kún un tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì rọ ọ́ díẹ̀.

Lẹ́yìn 1,000 kìlómítà, mo tún wọn gíga rẹ̀: 2 mìlímítà ni ìyàtọ̀ iwájú ọ̀tún àti òsì. Búùṣì lówà-áàmù kò ya, kò sí ọ́ìlì lára ṣọ́ọ̀kì kankan. Táyà tí ó ti jẹ ní kòtò-kòtò ṣì ń hu bí oyin, mo sì ti gbé wọn sẹ́yìn títí owó òmíràn yóò fi dé. Búùṣì ńlá méjì ti igi ẹ̀yìn tí ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tí ó ní bí a ṣe gbọ́dọ̀ kọjú rẹ̀ kí ó tó wọlé, ti wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ọ̀gá ní kí n mú ọkọ̀ wá ní Sátidé tí kò bá sí òjò.